Ẹ bi ìyá ọmọ léèrè kí ẹ tó wé láwàní fún un

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò ní ṣe àṣedànù. Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín láìpẹ́ yìí pé àwọn ọmọ ilé-kéwú ayé ìsinsìnyí ò níwà mọ́. Ó ní ọrùn àwọn òbí ni ẹ̀bi wà, pé kì í ṣe ààfáà ló bí wọn, kí ààfáà máa kọ́ wọn ní kéwú, kí ilé máa kọ́ wọn ní ìwà. Apá kìíní ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Apá kejì ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí mi ò rí ibi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pín in bẹ́ẹ̀.

Aránṣọ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo, aṣọ wòlímọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí náà ti jẹ ìrẹsì wòlímọ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: kánópì á dí ojú títì, ọmọ tó ti ka Kùránì dé ibi tí wọ́n ní kó kà á dé á jókòó sórí àga ńlá bí ọba, wọ́n á wé láwàní fún un, á kéwú sínú gbohùngbohùn, ìyá á máa jó, owó á máa fò. Mi ò bá wọn jà. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn ọmọ fún aṣọ máa ń gbọ́ ohun tí ààfáà kì í gbọ́. Ọmọ tó bá dé iwájú ààfáà, á dọ̀bálẹ̀, á káwọ́ sẹ́yìn. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kò rántí mọ́ pé ẹnì kan ń wo òun. Ọmọkùnrin kan wá lọ́dún tó kọjá, ọmọ bí ọdún mẹ́rìnlá, òun àti ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ń ta mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ó gbé ike mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tú owó tó dì sínú ọ̀rá, ó ń kà á. Mo ní kí ọmọ na apá, ó na apá. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun dá a gùn díẹ̀, torí ọmọ ṣì ń ga, kó lè tún rí i wọ̀ lọ́dún Iléyá tó ń bọ̀. Ọmọ pòṣé. Ó ní, "Màámi, ẹ dákẹ́ jàre, ẹ ò mọ nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dé inú, ó ń ka owó rẹ̀ lọ.

Mo bi ọmọ léèrè ibi tó máa kà lọ́jọ́ náà. Ó ní inú Súúrátù Ìsíráì ni. Mo ní kó kà á kí n gbọ́. Olóòtú, ohùn ọmọ náà dùn! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó kà á dé ibi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ sin ẹlòmíràn àfi Òun nìkan, kí á sì máa ṣe dáadáa sí òbí méjèèjì, pé bí ọ̀kan nínú wọn tàbí àwọn méjèèjì bá dàgbà sí ọ lọ́wọ́, má ṣe ṣíọ̀ sí wọn, má sì jágbe mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni kí o máa bá wọn sọ. Ó kà á já, kò ṣi háráfì kan. Mo bi í pé kí ni ibẹ̀ ń wí. Ó ní àwọn ò tíì dé ìdí ìtumọ̀.

Ọmọ yẹn kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló fi ń lọ sílé-kéwú, gbogbo Sátidé, gbogbo Sọ́ńdè. Wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀ lórí alífù, wọ́n gbọ́ ọ lórí báù, wọ́n mọ ibi tó ti ń fa ohùn àti ibi tó ti ń gé e. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo bó ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ohun tí a bá ń bi ọmọ léèrè náà ló máa ń gbájú mọ́.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn á ní ohun tí òun wí gan-an nìyẹn, ìyá rẹ̀ ni kó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá kan fún un.

Kò sí ààfáà ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ Imáámù Màlíkì, torí ọ̀nà tirẹ̀ ni àwọn babańlá wa nínú ẹ̀sìn fi kọ́ wa ní ìrun, ààwẹ̀, yìgì àti ogún pípín. Mọ̀dínà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ àwọn èèyàn, ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọdún 795. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun sọ fún ìyá òun pé òun fẹ́ máa lọ kọ́ ìmọ̀. Ìyá ní kó wá, kó wá wọ aṣọ ìmọ̀. Ó wọ aṣọ fún un, ó dé fìlà fún un, ó wé láwàní lé fìlà lórí, ó wá ní kó máa lọ. Ibi tó sì rán an lọ ni ọ̀dọ̀ Rabíà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ Mọ̀dínà nígbà náà. Ó ní: "Lọ bá Rabíà, kí o kọ́ nínú ìwà rẹ̀ kí o tó kọ́ nínú ìmọ̀ rẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gé aṣọ láwàní ni ìtàn yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láwàní tiwa, ìparí ẹ̀kọ́ la máa ń wé e, pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì. Láwàní ọmọ yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìyá rẹ̀ wé e fún un, kò sì wé e lásán, iṣẹ́ ló fi rán an. Ẹ tún wo ibi tó rán an lọ. Kò sọ pé "èmi ni n ó kọ́ ọ ní ìwà nílé, kí Rabíà kọ́ ọ ní ìmọ̀." Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló ní kó ti lọ kọ́ ìwà, ó sì ní kó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ìyá Imáámù Màlíkì nìyẹn o, kì í ṣe èmi aránṣọ ló sọ ọ́. Ààfáà tó bá ní ìwà ọmọ kò kan òun, kó lọ bá obìnrin yẹn ṣe àríyànjiyàn.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé torí kí òun lè mú ìwà rere pé ni wọ́n fi rán òun níṣẹ́. Kò fi í mọ sórí wáàsí. Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Úmárù ọmọ Abú Sálámọ̀. Bàbá rẹ̀ kú, Ànábì fẹ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà sì dàgbà lọ́dọ̀ Ànábì. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí àwọn bá ń jẹun, ọwọ́ òun máa ń rìn káàkiri inú àwo. Ànábì wí fún un pé: "Ọmọ, dárúkọ Ọlọ́hun, fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ jẹun, kí o sì máa jẹ níwájú rẹ." Gbólóhùn mẹ́ta, ó tán. Kò gba àwo, kò pè é ní wọ̀bìà, kò ní "àbí bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé bàbá ẹ nìyẹn." Ọmọ náà ní bí òun ṣe ń jẹun látìgbà náà nìyẹn. Ẹ wá dé ibi sàráà tiwa lẹ́yìn ìrun, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ tó mọ Yáásínì lórí ṣe ń já ẹran mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àgbà tó fẹ́ là wọ́n níjà náà ti fi tirẹ̀ sápò.

Ààfáà tó kọ́ èmi ní kéwú, ní Òkè Baálẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ìyá àgbà kan wà nínú yàrá tó ṣìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti ń kéwú. Bí ọmọ bá gbé wàláà láì tíì kí ìyá àgbà náà, ààfáà á ní kó gbé e kalẹ̀, kó lọ kí i ná, kó wo inú ìkòkò rẹ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Bí omi bá tán, kéwú dúró nìyẹn, a ó lọ pọnmi. Ọlọ́ṣun ni ìyá àgbà ọ̀hún. Bí àjọ̀dún Ọ̀ṣun bá dé, aṣọ funfun rẹ̀ á ti wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé. N ò gbọ́ ọ rí kí ààfáà wa bú u, n ò sì rí i rí kó bá a dé ojúbọ. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá gbọ́ pé àwọn ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹ̀sìn wa ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, pé Abdulláhì ọmọ Ámúrù tó jẹ́ sàábé, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì rìn, pa àgùntàn nílé rẹ̀, ohun tó sì ń bèèrè ni pé, "Ṣé ẹ ti fún aládùúgbò wa Júù níbẹ̀?" Ààfáà mi ò ka hàdíìsì yẹn fún wa. Omi ló ní ká lọ pọn.

Ẹ má jẹ́ kí n kọjá lórí àwa àgbà, torí ojú wa làwọn ọmọ ń wò. Ní mọ́ṣáláṣí kan tí mo mọ̀, Lèmọ́mù wà lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀, ni fóònù ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan bá dún, orin fújì ló sì fi sí i. Ẹ̀yìn gàgá lọ́dọ̀ àwa obìnrin ni mo wà, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ariwo sọ: "Pa á! Ọmọ ìta! Ta ló jẹ́ kó wọlé?" Ọ̀kan nínú àwọn bàbá dìde dúró, ó ń fi ọ̀pá nà án sójú. Ọmọkùnrin náà kó bàtà rẹ̀, ó jáde. Ó gbé mi lọ sọ́jà lẹ́yìn ìgbà náà, mo bi í bóyá ó ti padà lọ. Ó ní rárá, ẹnikẹ́ni ò sì wá òun wá.

Bẹ́ẹ̀ Ànábì ti sọ pé bí Lèmọ́mù bá ń ṣe kútúbà, tí o sọ fún ẹnì kejì rẹ pé "dákẹ́," ìwọ náà ti sọ ìsọkúsọ. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ náà fún mi, ti fóònù kan àti ti gbogbo ẹni tó pariwo. Ní mọ́ṣáláṣí Ànábì fúnra rẹ̀ ní Mọ̀dínà, Lárúbáwá ará oko kan dìde, ó sì tọ̀ sínú ibẹ̀. Ìtọ̀ o, kì í ṣe fújì. Àwọn èèyàn dìde sí i. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n da korobá omi kan lé ìtọ̀ rẹ̀ lórí, ó ní a gbé yín dìde láti mú nǹkan rọrùn, a ò gbé yín dìde láti mú un nira. Wọ́n da omi, ọ̀rọ̀ parí. Bí ará oko yẹn bá wá sí ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa lónìí, ọ̀pá bàbá yẹn ló máa kọ́kọ́ bá a.

Ti kánópì ásáláátù tó ń dí ọ̀nà láti àárọ̀ Sọ́ńdè, n ò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ púpọ̀. Ànábì ní kí ẹni tó bá jókòó sójú ọ̀nà fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ka àìnílára mọ́ ẹ̀tọ́ náà. Ẹ bi àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù bóyá ara ń ni wọ́n.

Ti pàṣán ńkọ́? Èmi ò sọ pé kí ààfáà má bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n Ánásì ọmọ Màlíkì (Màlíkì mìíràn nìyẹn o, kì í ṣe Imáámù Màlíkì) sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, ó sì ní kò ṣíọ̀ sí òun lẹ́ẹ̀kan, kò sọ lórí ohun tí òun ṣe pé "kí ló dé tí o ṣe é," kò sọ lórí ohun tí òun ò ṣe pé "kí ló dé tí o ò ṣe é." Mo mọ ilé-kéwú tó jẹ́ pé bí èébú bá wọ̀n níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ààfáà ò sí nílé ni. Ọmọ tó bá gbọ́ "orí burúkú" ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó máa bá ìyá rẹ̀ sọ? Àwa ìyá náà ò kéré. Bí ààfáà bá na ọmọ, a ó dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìró ní ìdajì ìdí, a ó bú u níwájú ọmọ, lọ́jọ́ kejì a ó ní kí ọmọ lọ kúnlẹ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín: télọ̀ náà ló wá ń sọ̀rọ̀ ìwà! Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ̀tọ́ yín ni. "Wá lọ́la" tàwa télọ̀ ti di àwàdà ní gbogbo Òṣogbo, láti Ọjà Ọba títí dé Òkè Fìà. Ànábì sì ti ka àmì aláàbòsí fún wa, ó ní bó bá sọ̀rọ̀ á purọ́, bó bá ṣèlérí á yẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá fọkàn tán an á dalẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé bí ẹni ń wo inú ṣọ́ọ̀bù wa ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, orí àjákù aṣọ ló máa ń dé. Lọ́dọ̀ mi, gbogbo àjákù la máa ń dì pọ̀ mọ́ aṣọ tí a rán tán, títí kan èyí tí kò tó fìlà. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bi mí pé kí ni oníbàárà fẹ́ fi àkísà ṣe. Mo ní oníbàárà ni kó lọ bi, òun ló ni ín. Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ọmọ iṣẹ́ yìí, ìwà tí Ìsìláàmù kọ́ni ló ń kọ́ lọ́dọ̀ mi, kò sì mọ Fátíà. Nígbà tí ọmọ tó mọ Fátíà wà níwájú mi tó ń pòṣé sí ìyá rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ààfáà wa kò le. Ìtumọ̀ ibi tí ọmọ máa kà lọ́jọ́ wòlímọ̀, kí ọmọ mọ̀ ọ́n lédè Yorùbá, kó sì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó fi ọjọ́ sí i rárá, kí ààfáà rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò ọmọ náà. Kó bi ìyá rẹ̀ léèrè, níkọ̀kọ̀, torí ìyá á bo ọmọ bí ọmọ bá wà níbẹ̀. Kó bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé lójúlé. Kó bi obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà wọn bóyá ọmọ náà máa ń san gbèsè, àti bó ṣe máa ń pè é.

Ààfáà kan tí mo bá sọ ọ́ ní ìwà ò ṣe é dán wò bíi kéwú, pé ojú ayé ni ọmọ máa ṣe. Mo ní ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kó bi ọmọ. Ọkùnrin kan bi Ànábì pé báwo ni òun ṣe máa mọ̀ bóyá òun ń ṣe dáadáa tàbí òun ń ṣe àìdáa. Ànábì ní bí o bá gbọ́ tí àwọn aládùúgbò rẹ ń sọ pé o ṣe dáadáa, o ṣe dáadáa nìyẹn, bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé o ṣe àìdáa, o ṣe àìdáa nìyẹn. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe èmi ni mo dá ìdánwò yìí sílẹ̀? Bí ẹ̀rí àdúgbò bá lè tó fún àgbà ọkùnrin, ṣé kò wá ní tó fún ọmọ tó fẹ́ wé láwàní?

Kí n má baà jẹ́ ẹni tó ń fi ẹnu lásán ṣe é, mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sí i. Ilé-kéwú mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo yìí, èmi ni n ó rán aṣọ wòlímọ̀ ọmọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, jàlàmíà àti láwàní bó bá jẹ́ ọkùnrin, kaba àti ìborùn bó bá jẹ́ obìnrin, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà lọ́rùn, láì gba kọ́bọ̀. Ààfáà kọ́ ló máa yan ọmọ náà, bàbá rẹ̀ kọ́, àwọn aládùúgbò ni. Kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ẹ̀yin olóòtú. Mo sì bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí aṣọ dé ọwọ́ mi ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ wòlímọ̀. Ẹni tó bá gbé e wá nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, "wá lọ́la" ni n ó sọ fún un, òótọ́ ni n ó sì máa sọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àṣíátù, aránṣọ,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.